Orí Keje: Etíkun Tarkwa Bay àti Ìgbafẹ́ Ojú Òkun

Ìgbafẹ́ ni ohun gbogbo tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, tí kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́, tí kì í sì í ṣe ojúṣe tí ẹbí tàbí ẹ̀sìn gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Fàájì jẹ́ ẹ̀ka kan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra: ẹni tí ó jókòó sábẹ́ igi tí ó ń ta ayò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń gbafẹ́, ṣùgbọ́n fàájì kì í pé láìsí èrò, ìlù, oúnjẹ àti ohun mímu. Nígbà tí fàájì bá kúrò ní ojúde àti gbọ̀ngàn, tí ó bọ́ sórí iyanrìn níbi tí òkun ti pàdé ilẹ̀, òun ni orí yìí pè ní ìgbafẹ́ ojú òkun. Àwọn erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì, pàápàá Mykonos pẹ̀lú etíkun rẹ̀ tí wọ́n sọ ní Paradise, ni ayé fi ń ṣe àpẹẹrẹ irú ìgbafẹ́ yìí. Èyí tí ó súnmọ́ ilé jù ni Tarkwa Bay ní Èkó, tí èrò kì í dé àfi kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ó sì ti jẹ́ ibi fàájì láti ayé àwọn Òyìnbó amúnisìn.

Ìlọrin kò ní òkun. Odò Asà tí ó la ìlú náà kọjá kì í ṣe ibi tí èrò ń rọ́ lọ fún àríyá, nǹkan bí 300 kìlómítà sì ni ó wà láàárín Ìlọrin àti Èkó. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìwé yìí ní Ìlọrin kì í ṣe àlejò nínú ọ̀ràn Tarkwa Bay, nítorí pé ojú irin tí ó dé Ìlọrin ní ọdún 1908 wà lára ìdí tí etíkun náà fi wà rárá.

Bí odi òkúta ṣe bí etíkun

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹnu tí ọ̀sà Èkó fi ń tú sínú òkun jẹ́ ibi tí ń ba atukọ̀ lẹ́rù. Iyanrìn gbá jọ sábẹ́ omi níbẹ̀, ó di òkìtì gbọọrọ tí ìgbì ń fọ́ lé lórí tọ̀sán tòru. Bar ni àwọn Òyìnbó ń pe irú òkìtì bẹ́ẹ̀, láti ara rẹ̀ ni Bar Beach sì ti gba orúkọ. Omi orí òkìtì náà kò jìn tó fún ọkọ̀ òkun ńlá, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti Yúróòpù a lọ já ẹrù ní Forcados, kí ọkọ̀ kéékèèké tó wá kó o padà sí Èkó, ìnáwó àti àdánù sì pọ̀ nínú ètò náà. Ojú irin ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó ni ó sọ ìṣòro yìí di ọ̀ràn kánjúkánjú. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908 àti Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909, irè oko tí ó ń kó sọ̀kalẹ̀ láti òkè kò sì lè mú èrè tí ìjọba ń retí wá bí ọkọ̀ òkun kò bá rí ọ̀nà wọlé wá gbé e.

Ohun tí àwọn ẹnjiníà ṣe ni pé wọ́n mọ odi òkúta wọnú òkun, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn ẹnu ọ̀sà, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, kí omi ọ̀sà lè máa gba àárín wọn já pẹ̀lú agbára, kí ó sì máa gbá iyanrìn kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀. Mole ni orúkọ irú odi bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ èbúté. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò tí ojú irin ń súnmọ́ Ìlọrin, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Òkúta tí wọ́n lò wá láti ibi ìfọ́kùúta Arò ní Abẹ́òkúta, ojú irin kan náà ni ó sì gbé e dé Èkó.

Láti lóye ohun tí odi wọ̀nyí dá sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ń jẹ́ ìṣíkiri iyanrìn, èyí tí í ṣe ìrìn tí iyanrìn ń rìn lẹ́bàá òkun láìdúró. Láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń wá lu etíkun Èkó, kì í sì í lù ú ní tààrà, ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà lù ú, nítorí náà gbogbo ìgbì tí ó bá fọ́ ń gbé iyanrìn díẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ìgbálẹ̀ gbá àgbàlá lọ sí apá kan. Nígbà tí odi òkúta dábùú ọ̀nà yìí, iyanrìn tí ń bọ̀ kò rí ibi kọjá mọ́. Ó kó jọ sí ẹ̀yìn odi ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Lighthouse Beach, tí ó gba orúkọ lára ilé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, wà ní apá tí ó kọjú sí òkun gbalasa yìí. Ní inú, níhà ẹnu ọ̀nà èbúté, omi rí ibi sá sí kúrò lọ́wọ́ ìgbì, iyanrìn rọra tẹ́ síbẹ̀ bí ìsàlẹ̀ àwo, ó sì di Tarkwa Bay. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn jẹ́ èso iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nítorí ìgbafẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà.

Ohun tí Tarkwa Bay jẹ, Bar Beach ni ó san án. Etíkun ìhà ìlà-oòrùn kò rí iyanrìn gbà mọ́, ìgbì sì ń kó èyí tí ó wà níbẹ̀ lọ, títí òkun fi jẹ ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ súnmọ́ kìlómítà kan láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba da iyanrìn síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, òkun sì ń kó o lọ bí wọ́n ṣe ń dà á. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2012, omi ya lu etíkun Kuramo tí ó wà lẹ́bàá Bar Beach, níbi tí àgọ́ pákó ti tò lọ bẹẹrẹ fún ọtí títà àti fàájì òru, ó gbé ènìyàn àti àgọ́ lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ sì wó èyí tí ó ṣẹ́kù. Bar Beach tí àwọn òbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní mọ̀ kò sí mọ́. Orí ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn gbà lọ́wọ́ òkun níwájú rẹ̀, tí ó tó kìlómítà 10 níbùú lóròó, ni wọ́n ń kọ́ ìlú Eko Atlantic sí, odi tí ó dáàbò bo ìlú náà sì gùn tó kìlómítà 8.5.

Ìlò òkun kí fàájì tó dé

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ibi àríyá ni òkun jẹ́ fún Yorùbá láti ìpilẹ̀. Ti Olókun ni òkun, ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rù sì ni àwọn àgbà fi ń wò ó. Ní etíkun Èkó, àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ègùn ni òkun jẹ́ oko fún, ọmọ wọn kò sì jẹ́ sọ pé òun ń lọ ṣeré lójú omi láìjẹ́ pé àwọ̀n wà léjìká bàbá rẹ̀. Nígbà tí ìjọ aláṣọ funfun tàn kálẹ̀, ìyẹn Kérúbù àti Séráfù pẹ̀lú Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, iyanrìn Bar Beach di ibi àdúrà, àbẹ́là àti omi ìwẹ̀nùmọ́, àwọn ìjọ náà sì wà níbẹ̀ títí fàájì fi wá bá wọn. Ìjọba ológun náà lo etíkun yìí fún ohun tí ó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yìnbọn pa àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi olè jíjà pẹ̀lú ohun ìjà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pa Ishola Oyenusi, ọ̀kan lára wọn, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 lójú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èrò. Orí iyanrìn kan náà ni àwọn ọmọdé ń gun ẹṣin lọ́jọ́ ọdún ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìlò ibì kan lè yí padà pátápátá láàárín ìran kan, èyí sì ni ẹ̀kọ́ tí onímọ̀ ìgbafẹ́ kò gbọdọ̀ gbójú fò.

Àwọn Òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò ni wọ́n kọ́kọ́ sọ Tarkwa Bay di ibi ìgbafẹ́. Wọn a wọ ọkọ̀ kékeré lọ síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ahéré sí etí omi fún ìsinmi. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọwọ́ wọn tó o gba àṣà náà, wọ́n sì fi ti ilé kún un: ìsinmi Òyìnbó tí í ṣe ìwé kíkà lábẹ́ agboòrùn di àríyá tí ó ní orin, ẹran sísun àti àwùjọ ẹbí.

Ọjọ́ ìsinmi ní Tarkwa Bay

Láti èbúté ní Victoria Island tàbí CMS ni èrò ti ń wọ ọkọ̀, ìrìn náà kò sì pẹ́. Ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù ni ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì Àjíǹde, ọjọ́ kejì Kérésìmesì àti ọjọ́ ọdún tuntun, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá lódindi ti wá di àsìkò fàájì kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn ń dé láti Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto, tí àwọn ọ̀dọ́ sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Detty December, ìyẹn oṣù Kejìlá tí ènìyàn fi ń ṣe fàájì láìwẹ̀yìn.

Ohun tí àlejò ń bá níbẹ̀ ni iyanrìn tí ó tẹ́, omi tí kò le, àga àti agboòrùn tí wọ́n ń yá fún owó, ẹja tútù tí wọ́n sun lórí iná, súyà, àgbọn àti sípíkà tí ń kọ orin Afrobeats láti òwúrọ̀ títí ọkọ̀ ìkẹyìn fi máa ṣí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìgbafẹ́ ojú òkun ṣe ń ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ àlejò nìkan. Ọjọ́ ìsinmi ẹnìkan ni ọjọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Atukọ̀ ló ń gbé àlejò wá, ìyá ẹlẹ́ja ti jí kí oòrùn tó yọ, ọmọkùnrin tí ń yá àga ń sáré lẹ́yìn oníbàárà, ayàwòrán ń wá ẹni tí ó fẹ́ fọ́tò, àwọn kan sì ń ṣa ike àti ìgò lẹ́yìn tí èrò bá ti lọ. Títí di ọdún 2020, púpọ̀ nínú wọn ń gbé ní àwọn abúlé tí ó wà lórí erékùṣù tí Tarkwa Bay wà, òwò ọjọ́ méjì lópin ọ̀sẹ̀ ni ó sì ń bọ́ wọn fún ìyókù ọ̀sẹ̀.

Àwọn ọmọ abúlé yìí ni wọ́n tún sọ Tarkwa Bay di orúkọ láàárín àwọn agungbì. Ìgungbì ni eré ìdárayá tí ènìyàn fi ń dúró lórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó ń bá ìgbì sáré wá sí etídò. Odi òkúta tí ó fọ ìgbì fún èrò inú ni ó ń to ìgbì fún agungbì lóde, bí ìgbì ṣe ń rọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn àlejò ni àwọn ọmọ náà ti kọ́kọ́ rí pátákó, wọ́n mọ̀ ọ́n gùn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn àbúrò wọn. Nínú gbogbo ohun tí ìgbafẹ́ mú wọ erékùṣù náà, èyí nìkan ni ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ tí ó sì di tiwọn.

Ìdẹ̀ra omi Tarkwa Bay máa ń tan àlejò jẹ. Ní etíkun tí ó kọjú sí òkun gbalasa, títí kan Lighthouse Beach àti gbogbo etíkun Lẹ́kí, ìgbì afàsẹ́yìn wà, èyí tí í ṣe omi tí ó wá sí etídò tí ó sì gba ojú ọ̀nà tóóró kan padà pẹ̀lú agbára, tí ó lè fa òmùwẹ̀ tí ó dáńtọ́ lọ sí ojú alagbalúgbú. Ẹni tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a jìjàdù láti padà sí etídò. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru, bẹ́ẹ̀ sì ni ọtí kò yẹ ẹni tí ó fẹ́ wọ omi. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ti ìlú òkè wá, láti Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, kò kọ́ omi ní kékeré, ewu tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sì ju ti ọmọ etíkun lọ.

Ta ni ó ni iyanrìn?

Fàájì ní Ìlọrin ní ojúde tirẹ̀. Nígbà tí Durbar bá dé lẹ́yìn Iléyá, tí àwọn ẹlẹ́ṣin láti agbo ilé gbogbo bá ń bọ̀ wá kí Ẹ́míà, ẹni tí ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kò san owó fún ẹnikẹ́ni, nítorí gbangba ni ojúde ọba, ti gbogbo ìlú ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà tí àwọn Nupe bá ń fi ọkọ̀ sáré ìje lórí odò Ọya ní Pàtígì, ní ìpínlẹ̀ Kwara kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí nínú agbo orin dadakúàdà tí Odòlayé Àrẹ̀mú ti gba òkìkí, nítorí owó tí ènìyàn bá ná síbẹ̀, iyì ni ó ná an fún, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Etíkun Èkó ti ń kúrò nínú irú ìlànà yìí díẹ̀díẹ̀. Ní Ìkàtẹ́, etíkun Elegushi wà lábẹ́ àkóso ìdílé ọba Elegushi, èrò a sì san owó ní ẹnubodè kí ó tó tẹ iyanrìn. Ní àwọn ibòmíràn, ilé iṣẹ́ aládàáni ni ó gba etíkun, tí ó tọ́ ọ, tí ó sì fi owó sí i. Ó tọ́ kí ẹni tí ó ń gbálẹ̀ tí ó ń ṣọ́ omi gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kí ọmọ Èkó tí kò ní owó ẹnubodè má rí òkun ìlú rẹ̀ mọ́.

Òfin Nàìjíríà kò tíì fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ dáadáa. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìjọba àpapọ̀ náà sì gbà pé òun ni ó ni etí òkun. Ìjà náà hàn gbangba ní 2024, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etíkun tí yóò gùn tó 700 kìlómítà láti Èkó dé Calabar, tí wọ́n sì wó etíkun Landmark ní Victoria Island pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ilé ìtajà, ilé oúnjẹ àti ibi fàájì orí rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ibi ìgbafẹ́ ńlá àwọn ọ̀dọ́ Èkó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn onílé iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n fi owó ara wọn dá òwò sílẹ̀ níbẹ̀ sì pàdánù ohun tí wọ́n kọ́.

Àwọn onílé iṣẹ́ Landmark rí oníròyìn tí ó gbọ́ tiwọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tarkwa Bay ṣáájú ìgbà náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi dé sí erékùṣù náà, wọ́n ní kí àwọn olùgbé kó ẹrù wọn jáde, wọ́n sì lé nǹkan bí 4,500 ènìyàn kúrò nínú ilé wọn. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan ń fọ́ páìpù epo tí ó gba agbègbè náà kọjá, tí wọ́n ń jí epo fà. Olè epo jẹ́ ọ̀daràn, ó sì yẹ kí òfin mú un, ṣùgbọ́n ìyá tí ń sun ẹja, atukọ̀ àti ọmọ tí ń gungbì kọ́ ni wọ́n ń fọ́ páìpù, ìyà náà sì dé orí gbogbo wọn láìsí ìgbẹ́jọ́. Ìdájọ́ ìwé yìí ni pé ohun tí wọ́n ṣe kò bójú mu, orúkọ mìíràn kò sì yẹ ẹ́. Àwọn tí wọ́n sọ Tarkwa Bay di ibi tí àlejò lè jókòó, jẹun kí ó sì padà sílé láìléwu ni wọ́n kọ́kọ́ lé.

Ilẹ̀ Gíríìsì náà ti la irú ìjà yìí kọjá, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ sì yẹ fún àkíyèsí. Mykonos kò ní ju nǹkan bí 10,000 olùgbé lọ, àwọn tí ń lọ síbẹ̀ fún fàájì sì pọ̀ ju àwọn onílé lọ lọ́nà tí kò ṣe é fi wé. Òfin ibẹ̀ sọ pé ti gbogbo ènìyàn ni etíkun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílé ọtí ń to àga àti agboòrùn olówó gọbọi títí dé ẹnu omi. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2023, àwọn ará erékùṣù Paros jáde pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́, wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyanrìn láti fi hàn pé ibẹ̀ tó wọn láti jókòó sí láìsan kọ́bọ̀. Ìfẹ̀hónúhàn náà tàn dé àwọn erékùṣù mìíràn, ìjọba sì ṣe òfin tuntun ní 2024 tí ó fi ààlà sí ibi tí oníṣòwò lè to àga dé. Àwọn ará Paros ní òfin tí wọ́n lè tọ́ka sí. Àwọn ará Tarkwa Bay kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ ju pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo Èkó, etíkun sì sábà máa ń wà nínú ètò wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dé Tarkwa Bay wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ó wo odi òkúta Abẹ́òkúta ní ọwọ́ ọ̀tún àti òsì bí ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́ ẹnu òkun, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ atukọ̀ pé níbo ni ilé rẹ̀ wà kí ọdún 2020 tó wọlé.